Ojú Káfíńtà Òrùlé Tí Mo Fi Ọdún Mọ́kànlá Wọ̀n

Káàdì kékeré kan ló mú mi sínú iṣẹ́ yìí. Bàbá mi ló rán mi pé kí n lọ gba awò ojú òun wá lọ́dọ̀ Ọ̀gá Olúmìdé, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣì wà ní Mùṣin nígbà náà. Mo bá ìyá kan àti ọmọbìnrin rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀gá ní kí ọmọ náà máa wo orí bírò, ó fi káàdì bo ojú rẹ̀ ọ̀tún, ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ó sì yọ káàdì kúrò. Àsìkò tó yọ ọ́ yẹn ni mo rí i. Ojú tó wà lẹ́yìn káàdì ti yà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹni tí wọ́n gbàgbé síta. Bí ìmọ́lẹ̀ ṣe bà á báyìí, ó rọra rìn padà sí àyè rẹ̀. Ìrìn náà kò gùn ju ìbú hóró ọkà bàbà lọ. Ìyá ọmọ náà kò rí i. Èmi rí i, mo sì gbàgbé awò bàbá mi sórí káńtà.

Nígbà tí mo délé, kò sẹ́ni tí n kò fi páálí ìṣáná bò lójú. Ìyá mi gbà, àbúrò mi gbà, àwọn ayálégbé gbà. Nígbà tó kan bàbá mi, wọ́n ní, "Bọ́lá, awò mi tí mo rán ẹ dà? Ojú mi tí o ń bò yìí ni n ò fi rí nǹkan láti àárọ̀." Lọ́sẹ̀ kejì mo padà lọ bẹ Ọ̀gá pé kí wọ́n gbà mí síṣẹ́. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní òkúta ìlọgíláàsì máa ń jẹ èékánná, pé obìnrin kì í fẹ́ràn rẹ̀. Mo ní èékánná máa ń hù padà. Bí wọ́n ṣe gbà mí nìyẹn, owó tí wọ́n ń san kò sì yẹ lóhun tí à ń sọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń rò ó bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ awò, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún mi. Oṣù mẹ́jọ àkọ́kọ́, nínù ni mo ń nu gíláàsì. Ọ̀gá Olúmìdé kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan òkúta. Aṣọ funfun kan ni mo fi ń nù ún, láti àárín bọ̀ sí etí, kì í ṣe láti etí lọ sí àárín, nítorí etí ni iyanrìn ń jókòó sí. Bí wọ́n bá rí ìlà kan ṣoṣo lójú gíláàsì, wọ́n á ní kí n bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ látilẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo dé ìdí òkúta. Òkúta roboto ni, tí a fi ọwọ́ yí, tí omi ń kán sí. Wàá di gíláàsì mú pẹ̀lú ìka mẹ́ta, wàá dà á díẹ̀, wàá máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ohùn náà bá ń sọ ṣíṣàṣíṣà, ó dára. Bó bá sọ kẹ́ẹ́, ó ti ń sán. Nígbà tí o bá lọ̀ ọ́ tán, Ọ̀gá á fi í sínú férémù, á gbé e sí ojú fèrèsé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá fi lè gba àárín gíláàsì àti férémù kọjá, inú garawa ló ń lọ.

"Ta ló máa wọ èyí?" ni wọ́n máa ń bi mí. "Ẹja?"

Gíláàsì mọ́kànlélógójì ni mo bàjẹ́ kí wọ́n tó gba ẹyọ kan lọ́wọ́ mi. Mo kà wọ́n. Mo fẹ́ràn kí n máa ka nǹkan.

Òfin méjì ló wà ní ṣọ́ọ̀bù wa. Èkíní ni pé ọmọ iṣẹ́ kì í sọ ohun tó rí lójú oníbàárà níṣojú oníbàárà. Èkejì ni ti páálí lẹ́tà tó wà lára ògiri. Wàá ní kí oníbàárà fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú kan, kó fi èkejì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, lẹ́yìn náà kó pààrọ̀ ọwọ́. Ẹni tó bá fi ojú kọ̀ọ̀kan ka ìlà ìsàlẹ̀ pátápátá, ojú rẹ̀ pé. Káàdì tó mú mi wọṣẹ́ yẹn, ọmọdé tí ojú rẹ̀ bá dà nìkan là ń lò ó fún. Àgbàlagbà, páálí ni. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ Ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀gá ṣe kọ́ mi, mo sì fi ọdún mẹ́wàá gbà á gbọ́ bí ẹni gba àdúrà gbọ́.

Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo ti gba ìyọ̀ǹda pé mo ti kọ́ṣẹ́ tán ṣùgbọ́n tí mo ṣì ń bá Ọ̀gá ṣe, a kó wá sí Ẹ̀gbẹ́dá. Ilé ń hù nígbà náà bí olú. Ibi tó o bá yíjú sí láti Akówónjò títí dé Ìgàndó, wọ́n ń ṣí ilẹ̀, wọ́n ń mọ búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń kan òrùlé. Láti òwúrọ̀ ni a ti ń gbọ́ òòlù. Àwọn olùkọ́ ń wá láti Gowon Estate, àwọn aránṣọ ń wá láti Akówónjò, iṣẹ́ wà. Àárín ìdàgbàsókè yìí ni mo ti bá Rámónì pàdé, nítorí rẹ̀ ni mo sì ṣe ń kọ ìwé yìí.

Káfíńtà òrùlé ni Rámónì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ní Akówónjò pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, Sàláwà, àti ọmọ wọn, Sẹ́rífá. Kì í ṣe irú èyí tó ń kan àga. Òun ni wọ́n ń pè bí ilé bá ti dé òkè tán. Ó máa ń rìn lórí igi òrùlé bí èèyàn ṣe ń rìn nínú pálọ̀. Lọ́jọ́ kan, pákó kan tí wọ́n ń fà sókè yọ kúrò nínú okùn, ó sì gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí. Kò dákú, ẹ̀jẹ̀ kò jáde. Ó jókòó díẹ̀, ó bì lẹ́ẹ̀kan, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì. Gbogbo wọn ní kékeré ni. Kíkéré ni abẹ́rẹ́ kéré, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ló wọ ṣọ́ọ̀bù wa. Ọ̀gá kò sí nílé.

"Ẹ kú iṣẹ́, Sístà. Ìwé ni mo wá gbà o, n ò wá ra awò."

"Ìwé kí ni?"

"Kọngílá tó ń gbéṣẹ́ fún mi ní kí n gba ìwé wá pé ojú mi ṣì wà lórí mi. Àwọn kan ló lọ fẹjọ́ sùn pé ìka ni mò ń lù, n ò lu ìṣó mọ́."

"Ṣé òótọ́ ni?"

Ó na ọwọ́ òsì sí mi. Èékánná méjì ti dúdú. "Ìka mi nìyí. Ta ni mo wá lu tiẹ̀ nínú wọn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kó jókòó. Ó jókòó, ó da orí rẹ̀ sí èjìká òsì, bí ẹni tó ń gbọ́ ohùn kan láti yàrá kejì. Mo rí i pé ó da orí. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: mo rí i. Mo rò ó pé ọrùn ló ń dùn ún. Mo ní kó fi ọwọ́ bo ojú òsì. Ó ka páálí dé ìlà ìsàlẹ̀. Mo ní kó bo ọ̀tún. Ó tún kà á dé ìsàlẹ̀, ó wá ka orúkọ ilé ìtẹ̀wé tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ páálí náà, tí lẹ́tà rẹ̀ kéré tó èèrà.

"Ṣé kí n ka ti ògiri ilé kejì náà ni?"

"Ó tó, jàre. Ojú yín dára ju tèmi lọ."

Mo mú ìwé tí orúkọ ṣọ́ọ̀bù wà lórí rẹ̀, mo kọ ọ́ pé mo ti yẹ ojú Rámónì wò, méjèèjì ló pé. Mo fọwọ́ sí i. Ó ká a sí mẹ́rin, ó fi í sápò àyà.

Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ohun tí a kọ sílẹ̀ burú ju ohùn lọ. Ní ọjọ́ kẹta tó padà sókè, ó já bọ́ láti orí ilé kan ní Ìgàndó, ó bọ́ sórí òkìtì búlọ́ọ̀kù. Ìgbáròkó rẹ̀ sán, orí rẹ̀ sì tún gbá lẹ́ẹ̀kejì.

Sàláwà ló gbé ìwé náà padà wá. Ó ṣì wà ní mẹ́rin bí ọkọ rẹ̀ ṣe ká a. Ó tẹ́ ẹ sórí káńtà níwájú èmi àti Ọ̀gá.

"Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

"Èmi ni, mà."

"Láti ọjọ́ tí pákó ti gbá a ló ti ń da omi sí ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀pù. Ó ń da omi sílẹ̀, ó ń wò ó. Mo ní kó wá sọ fún yín. Ó sọ fún yín?"

"Kò sọ, mà."

"Ẹ bi í?"

Mo ní n kò bi í. Ó ká ìwé náà padà, ó mú un, ó lọ. Mo rò pé Ọ̀gá á bú mi. Wọn kò bú mi. Wọ́n jókòó sórí àpótí tí a fi ń kó férémù, wọ́n ní, "Èmi ni mo kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀."

Mo máa ń lọ kí Rámónì lórí ibùsùn. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́.

"Bí mo bá wo iwájú, ọ̀kan ni mò ń rí. Bí mo bá wolẹ̀, igi kan á di méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ á dẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Mo ti mọ̀ ọ́n lára. Ti òkè ni mo máa ń tẹ̀, òun ló máa ń jẹ́ òótọ́."

"Lọ́jọ́ yẹn ńkọ́?"

"Lọ́jọ́ yẹn, ti ìsàlẹ̀ ló jẹ́ òótọ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

"Ẹ ní kí n bo ojú kan. Bí mo bá ti bo ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ á padà di ẹyọ kan. Mo ní ṣé ẹ ti wò mí sàn ni."

Ẹ wá rí àṣìṣe wa. Ọ̀nà tí a fi ń yẹ ojú wò gan-an ló ń bo àrùn náà mọ́lẹ̀. Ojú kọ̀ọ̀kan pé. Rírìn pọ̀ ni wọn kò lè ṣe mọ́, a kò sì fìgbà kan rí ní kí àgbàlagbà kan la ojú méjèèjì kó wolẹ̀.

Àtìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ara mi. Lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé àlòkù nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni mo ti rí ìwé àtijọ́ kan lórí iṣan ojú, èèpo rẹ̀ ti ya. Mo fi ìwé atúmọ̀ èdè kà á fún oṣù mẹ́ta. Iṣan mẹ́fà ló ń fa ojú kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún nínú wọn kò ṣòro láti lóye. Ìkẹfà ló gba oorun lójú mi: ó wá láti ẹ̀yìn, ó gba inú òrùka kékeré kan kọjá lẹ́bàá imú, ó ṣẹ́rí padà, bí okùn kànga ṣe ń gba orí àgbá kọjá. Òun ló ń bá wa fa ojú wálẹ̀ nígbà tí a bá ń wo ẹsẹ̀ wa tàbí ìwé ọwọ́ wa. Okùn ìmọ̀lára tó ń pàṣẹ fún un gùn, ó sì tín-ín-rín ju ti àwọn yòókù lọ. Bí orí bá gbọ̀n, kódà bí egungun kankan kò fọ́, òun lè fara pa. Ẹni tó bá ṣẹlẹ̀ sí á máa da orí sí ẹ̀gbẹ́ kejì kí àwòrán méjèèjì lè bára wọn. Nígbà tí mo ka ibi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ orí dídà yẹn, mo pa ìwé dé. Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò ṣí i.

Mo mú Rámónì lọ rí dókítà ojú ní ilé ìwòsàn ńlá. Dókítà náà ní kó tẹ̀ lé ìka òun sọ́tùn-ún, sósì, sókè, sílẹ̀, ó wá ní, "Mà, iṣan tí ẹ pè yẹn náà ni. Ẹ jẹ́ ká fún un lákòókò." Rámónì bi í bóyá òun máa padà sórí òrùlé. Dókítà ní òun kò lè ṣèlérí.

Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu Rámónì: ìgbà wo ni òun máa gùn ún padà? N kò ní ẹ̀rọ tó lè dáhùn ìbéèrè yẹn, mo bá ṣe tèmi. Mo kan téèpù mọ́ ògiri ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ibi òdo rẹ̀ kanlẹ̀. Mo fa ìlà sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sí ògiri, mo fi igi kan ṣe ibi ìgbágbọ̀n lé kí orí má baà mì. Rámónì á la ojú méjèèjì. Èmi á mú ìṣó kan, n ó máa fà á sọ̀kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lórí téèpù. Bí ìṣó bá ti di méjì, á ní, "Ó ti bímọ." N ó kọ nọ́ńbà náà sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni a máa ń ṣe é níjókòó kan, èyí tó wà láàárín ni mo sì ń mú. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ó bímọ ní sẹ̀ǹtímítà mọ́kànléláàádóje sí ilẹ̀, kò ju ibi àyà lọ. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àádọ́rin.

Inú wa dùn. Mo lọ awò kan fún un, èyí tó ṣòroó lọ̀ jù láyé mi: jígí ọ̀tún rẹ̀ nípọn nísàlẹ̀, ó fẹ́lẹ́ lókè, kó lè gbé àwòrán ojú ọ̀tún sókè bá ti òsì. Òkúta ọwọ́ ni mo fi ṣe é, ọjọ́ mẹ́rin ló gbà. Ọ̀gá Olúmìdé, tí ogbó ti ń dé sí, gbé e sí ojú fèrèsé, wọ́n yí i síwá sẹ́yìn. Wọn kò mẹ́nu ba ẹja. Wọ́n ní, "Èmi ò lè ṣe èyí." Ọdún yẹn náà ni wọ́n kú.

Awò náà so nǹkan pọ̀ fún Rámónì láti iwájú títí dé agbede méjì. Bó bá kọjá ìyẹn sísàlẹ̀, ó tún pínyà, nítorí jígí kan kò lè ṣe iye kan náà sí ibi gbogbo. Lọ́jọ́ kan ó bá mi jà lórí rẹ̀.

"Ṣebí mo lè tẹ orí ba. Bí mo bá tẹ orí ba, ẹyọ kan ni mò ń rí."

"Ẹsẹ̀ yín á ti lọ kí orí yín tó tẹ̀."

"Ẹ̀yin mọ òrùlé jù mí lọ, àbí?"

"N ò mọ̀ ọ́n. Mo mọ ojú yín."

"Ẹ mọ̀ ọ́n nígbà tí ẹ kọ ìwé náà?"

Kò gbé ohùn sókè rárá. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n nígbà náà. Ó wò mí, ó ní, "Ẹ má bínú. Ẹ fa ìṣó yín." Mo fà á.

Irinṣẹ́ yí padà lójú wa. Òkúta ọwọ́ lọ, ẹ̀rọ oníná dé, iná ìjọba kò sì jẹ́ ká lò ó tán. Gíláàsì lọ, jígí oníke dé. Ó fúyẹ́, kì í fọ́, ó sì máa ń ní ìlà bí wọ́n bá fi etí aṣọ nù ún. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ tí èèyàn ń gbé àgbọ̀n lé dé. Á wo ojú rẹ, á tẹ nọ́ńbà jáde lórí pépà láìbi ọ́ ní nǹkan kan. Àwọn ọmọ tí mo kọ́ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Mo wò ó dáadáa. Ojú ọ̀tún ló kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà òsì. Mo sọ fún wọn pé páálí lẹ́tà náà ni, aṣọ ló pààrọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní Màmá ti tún bẹ̀rẹ̀.

Mo ṣe òfin tèmi ní ṣọ́ọ̀bù: ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, ká bi í bóyá nǹkan ti gbá a lórí rí, kó la ojú méjèèjì, kó tẹ̀ lé bírò lọ sí ibi mẹ́fà, kó wá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Olùkọ́ kan wá láti Gowon Estate, ọ̀kadà ló gbé e ṣubú. Ó ní òun máa ń sọ ìlà nù bí òun bá ń kàwé, pé ọ̀gá àgbà ilé ìwé ní ọ̀lẹ ni òun. Mo fa bírò bọ̀ síbi imú rẹ̀, ó sì di méjì níbi tó ṣì jìnnà tó ìgbọ̀nwọ́. Ó sunkún lórí àga mi nítorí pé ẹnì kan gbà á gbọ́. Irú wọn tí mo kọ sínú ìwé mi jẹ́ mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Àwọn tó wá kí n tó mọ̀ ọ́n, tí mo ní kí wọ́n máa lọ pé ojú wọn pé, n kò mọ iye wọn. Ìyẹn ni nọ́ńbà kan ṣoṣo tí mi ò lè kà.

Ẹ ó bi mí bóyá kí ẹ kọ́ iṣẹ́ yìí. Bí ẹ bá lè fara da kí ẹ ṣàṣìṣe nípa títẹ̀lé òfin, ẹ kọ́ ọ. Ọwọ́ mi ti ń wú níbi oríkèé, ojú tèmi náà sì ti ń ṣú. Mo ti fi ṣọ́ọ̀bù lé àwọn ọmọ lọ́wọ́. Rámónì nìkan ni mo ṣì ń lọ síbẹ̀ fún, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọ̀ọ̀kan.

Ó ń kan bẹ́ǹṣì ilé ìwé báyìí, ní abẹ́ ibòji lójú ọ̀nà Ìkòtún, ó ń jókòó ṣe é. Ọdún kan lẹ́yìn ìṣubú, ó dé mẹ́rìnlélógójì. Ní ọdún kejì, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ọdún kejì yẹn, ó ra bàtà tuntun tí kì í yọ̀, èyí tí àwọn káfíńtà òrùlé ń wọ̀, ó ní ó kù díẹ̀. Ọdún kẹta, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ọdún kẹrin, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Lọ́dún kẹfà, ó fún àbúrò ìyàwó rẹ̀ ní bàtà náà.

Lóṣù yìí, tó pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń wọ̀n ọ́n, ó gbé àgbọ̀n lé igi. Mo fa ìṣó sọ̀kalẹ̀, mo ń fà á lọ.

"Ó ti bímọ," ó ní.

Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì sí i.

"Ó sọ̀kalẹ̀?"

"Rárá o, Bàbá Sẹ́rífá."

"Ẹ kà á sí mi létí."

Mo tẹ̀ ba, mo fi ìka tẹ orí téèpù. Láti ibẹ̀ dé ilẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ èèyàn máa ń wà, ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.